Náírà Márùn-ún Péré: Bí Fọ́múlà Inú Nóòtù Ṣe Fẹ́ Tú Ẹgbẹ́ Kan Ká ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ló kọ́kọ́ rí i. Ó fi ìka tọ ìlà orúkọ ara rẹ̀ dé òpin bébà, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú, ó wá yíjú sí ẹni tó jókòó tì í: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka eléyìí, bóyá ojú mi ni." Ojú rẹ̀ kọ́. Náírà márùn-ún ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpín èrè ọdún. Obìnrin tó ń dá ₦20,000 lóṣooṣù láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, tí kò yẹ oṣù kan, tí gbogbo owó tó fi pamọ́ jẹ́ ₦240,000. Kì í ṣe ẹgbẹ̀rún márùn-ún o. Márùn-ún.

Aránṣọ tó tẹ̀lé e lórí bébà, tó ń dá ₦10,000, márùn-ún ni tiẹ̀ náà. Ìyá Oníkajú tó kẹ́yìn, tó ń dá ₦15,000, márùn-ún. Àwọn márùndínlógójì tó kù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni tiwọn ń jáde. Àwọn mẹ́ta yìí ló sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun, oṣù kìíní ọdún yẹn ni wọ́n wọlé. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn máa dà nínú ẹgbẹ́. "Ẹ ò kúkú sọ fún wa pé àlejò la jẹ́," ni Ìyá Oníkajú wí, ó sì ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga.

Èmi kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ náà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kékeré ni, ènìyàn 38, àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ agbègbè Tákìé, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ṣèpàdé. Ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti ń tẹ ìwé wọn. Ìdí tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ náà nìyẹn: ẹnìkan ti sọ pé bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi ló jẹ àwọn òdo tó yẹ kó wà lẹ́yìn márùn-ún. Mo ti gbọ́ ẹ̀sùn oríṣiríṣi nídìí iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń jẹ òdo, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ irú rẹ̀.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le fún mi ni ẹni tó ṣe ìṣirò. Bàbá Akápò, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn ló kọ́ mi ní ìṣirò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Títí dòní, bí mo bá pàdé wọn lọ́nà, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ jáde nínú àpò ṣòkòtò ná. Ta ni mo jẹ́ tí màá máa yẹ ìṣirò wọn wò? Àwọn fúnra wọn ló bá mi tú u. Wọ́n dìde níbi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, wá sílé lọ́la. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, a ó rí i. Mi ò jẹ kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni rí." Owó ṣì wà ní báńkì, wọn ò tíì pín in. Ìyẹn nìkan ló jẹ́ kí n lè sùn lóru ọjọ́ náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni mo dé ilé wọn ní Masífá. Ìyàwó wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láìjẹ ọkà; ìlú tí a ti ń jẹ ọkà kí a tó mu ẹ̀kọ yangan la sáà wà. Ìgbà tí mo fọwọ́ tán ni Bàbá gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n sì gbé nóòtù kan, tí wọ́n fi bébà pẹlẹbẹ bò lẹ́yìn bíi ti ọmọ iléèwé, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mi ò ka nóòtù yẹn sí nígbà yẹn.

Bí wọ́n ṣe to ìwé náà sínú Excel, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò nínú òpó àti ìlà, rèé. Orúkọ wà ní òpó B. Oṣù méjìlá wà ní òpó C títí dé N. Àròpọ̀ owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi pamọ́ wà ní òpó O, ìpín èrè rẹ̀ wà ní P. Ọmọ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ wà ní ìlà 5, ẹni ìkẹyìn ní ìlà 42, ìlà 43 sì ni àròpọ̀ gbogbo rẹ̀. Èrè tí wọ́n fẹ́ pín, ₦474,000, wà nínú àpótí R2, ìyẹn òpó R, ìlà 2. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín in kò ní wàhálà: gbé owó ẹnì kan, fi àròpọ̀ owó gbogbo ẹgbẹ́ pín in, fi èrè sọ èyí tó jáde di púpọ̀. Fún ẹni tó wà ní ìlà 5, fọ́múlà rẹ̀, ìyẹn àṣẹ ìṣirò tí a kọ sínú àpótí, ni =O5/O43*R2; àmì / ni fi pín, àmì * ni fi sọ di púpọ̀.

Mo tẹ P39, ẹni tó kẹ́yìn nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́: =O39/O43*R2. Ó pé. Mo sọ̀ kalẹ̀ sí P40, ti Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:

=40/O43*R2

Ogójì. Kì í ṣe O40, ogójì lásán. Kọ̀ǹpútà ti mú ₦40 bí ẹni pé òun ni gbogbo ohun tí ìyá yẹn fi pamọ́ lọ́dún kan gbáko. P41 ní 41, P42 ní 42. Ohun tó jáde gan-an ni ₦4.51, ₦4.63 àti ₦4.74, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kó má fi kọ́bọ̀ hàn, ni gbogbo rẹ̀ bá di 5.

Mo bi Bàbá pé ta ló tẹ ìlà mẹ́ta yìí. Wọ́n ronú díẹ̀. Wọ́n ní àwọn wà ní Ìlọrin lọ́jọ́ náà nítorí ojú wọn tí wọ́n lọ yẹ̀ wò. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin ló wà nídìí kọ̀ǹpútà nílé, àwọn sì ń pè é fún un lórí fóònù. Wọ́n ní kó ṣe ẹ̀dà ti ìlà 39, kó pa O39 tó wà níwájú rẹ́, kó fi ti ẹni tuntun sí i. A pe ọmọ náà jáde láti yàrá.

"Kí ni Bàbá ní kí o kọ?"

"Wọ́n ní ó-fọ́tì, sà."

"Kí lo wá kọ?"

"Ó-fọ́tì náà ni, sà." Ó nawọ́, ó tẹ̀ ẹ́ fún mi kí n rí i: òdo, ẹẹ́rin, òdo.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n mi ò lè rín in níwájú Bàbá. Nígbà tí a bá ń ka nọ́mbà fóònù fún ara wa, ó-éètì-ó-tírì la máa ń pè é. Ta ló ń pe òdo ní òdo níbẹ̀? Ọmọ yẹn gbọ́ ohun tí gbogbo wa ì bá gbọ́. Excel náà rí =040, ó mọ̀ pé nọ́mbà ni, ó ju òdo iwájú nù bó ti máa ń ṣe, ó fi 40 sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá wo àpótí náà lẹ́yìn náà kò fi ní mọ ibi tí nọ́mbà náà ti wá. Òdo tí ì bá jẹ́rìí ti lọ. Bó bá jẹ́ òpó C tàbí H ni, irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀, kò sí nọ́mbà tó jọ wọ́n. O nìkan ni, ibẹ̀ la sì lọ kó àròpọ̀ owó sí.

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ó tán nìyẹn. Tún un kọ."

Èmi náà rò pé ó tán. Mo sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di O40, O41, O42. Ìpín Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ fò sókè sí ₦27,086. Aránṣọ gba ₦13,543, Ìyá Oníkajú gba ₦20,314. Bàbá ti ń pa ìwé dé. Mo wo P43, àròpọ̀ gbogbo èrè, láti rí i pé ó bọ́ sípò.

Kò mira. ₦474,000 géérégé ló wà níbẹ̀ kí n tó tún un ṣe, òun náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ohun tó lé ní ₦60,000 lójú wa, àròpọ̀ kò sì gbọ́.

Mo tẹ P43 lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí àpótí tó ní fọ́múlà, Excel á fi ìlà aláwọ̀ yí àwọn àpótí tó ń kà ká. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ ní ìlà 5, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó dúró ní 39. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Aránṣọ, Ìyá Oníkajú, àwọn mẹ́ta wà níta ọgbà. Mo tẹ O43. Bákan náà: =SUM(O5:O39), ìyẹn ni pé kó ro O5 títí dé O39 pọ̀.

Ìgbà yìí ni mo tó béèrè nóòtù.

Gbogbo fọ́múlà inú Excel yẹn ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tíṣà àtijọ́, lẹ́tà tó dùn ún wò. Ìlà kan fún ọmọ ẹgbẹ́ kan: =C5+D5+E5 títí dé N5; lábẹ́ rẹ̀, =C6+D6+E6; bẹ́ẹ̀ títí dé márùndínlógójì. Lẹ́yìn náà ni ti èrè, márùndínlógójì mìíràn. Ní gbogbo oṣù kìíní, Bàbá á ṣí ìwé tuntun lórí kọ̀ǹpútà, wọn á gbé nóòtù sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn á tẹ gbogbo rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn mẹ́ta tó wọlé, ìlà 40 ni àròpọ̀ wà. Nígbà tí wọ́n wọlé, ó sún sí 43. Bàbá fi báírò pupa fa igi lé 40 nínú gbogbo fọ́múlà èrè, wọ́n kọ 43 sórí rẹ̀. Mo kà á. Márùndínlógójì ni, wọn ò gbàgbé ẹyọ kan.

Ṣùgbọ́n =SUM(O5:O39) kò ní 40 nínú. Báírò pupa ń wá 40, kò rí i níbẹ̀, ó kọjá lọ.

Mo gbé kalukulétọ̀ sílẹ̀, mo ṣàlàyé fún wọn bó ṣe jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ dà bí ohun tó pé. Owó àwọn márùndínlógójì jẹ́ ₦4,200,000. Ti àwọn mẹ́ta jẹ́ ₦540,000. Àpapọ̀ òótọ́ jẹ́ ₦4,740,000, èrè ₦474,000 sì jẹ́ ìdámẹ́wàá rẹ̀ gẹ́lẹ́: kọ́bọ̀ mẹ́wàá lórí náírà kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ₦4,200,000 pín in, gbogbo èrè náà lọ sọ́wọ́ àwọn márùndínlógójì láìku kọ́bọ̀. Àròpọ̀ tó yẹ kó jẹ́rìí tako èyí, òun náà kò kà ju ìlà 39 lọ, ó sì ń sọ pé ₦474,000 ni. Ẹlẹ́rìí tó bá olùjẹ́jọ́ jáde nínú ilé kan náà, kí ló fẹ́ sọ? Bí kò bá sí àṣìṣe ó-fọ́tì tó sọ èrè di náírà márùn-ún, àwọn mẹ́ta yẹn ì bá rí ₦27,086, ₦13,543 àti ₦20,314 lórí bébà, wọn ì bá dúpẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé báńkì ni owó ì bá tó ku ₦60,943. Àṣìṣe kékeré tó jọ ẹ̀gàn ló tú àṣírí ńlá tó jọ òótọ́.

Bàbá dákẹ́ títí. Mo wá sọ ìtàn kan fún wọn, kí ojú má baà tì wọ́n jù. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì ní Amẹ́ríkà, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff, gbé ìwádìí kan jáde lórí gbèsè àti ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè. Ìjọba káàkiri ayé sì ń tọ́ka sí i. Ní 2013, Thomas Herndon, akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Massachusetts ní Amherst, gba Excel wọn wò. Ó rí i pé fọ́múlà tó yẹ kó ka ìlà 30 dé 49 dúró ní 44. Orílẹ̀-èdè márùn-ún wà níta: Australia, Austria, Belgium, Canada àti Denmark. Àwọn tó kọ ìwádìí náà gbà pé lóòótọ́ ni fọ́múlà náà kù.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n?" Bàbá béèrè.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n, sà."

"Akẹ́kọ̀ọ́ ló sì rí i." Wọ́n wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ní kí ìyàwó wọn bu omi tútù fún mi.

A sọ 39 di 42 nínú gbogbo ìlà àròpọ̀, láti C43 dé P43. O43 di ₦4,740,000. Mo tún fi àpótí kan sí ẹ̀gbẹ́ tó ń ro àròpọ̀ oṣù méjèèjìlá pọ̀, torí owó tí a bá kà lọ sí ìsàlẹ̀ àti èyí tí a bá kà lọ sí ọ̀tún gbọ́dọ̀ pàdé. Wọn ò pàdé. Ti oṣù jẹ́ ₦4,695,000. Ó ku ₦45,000.

Ibí yìí ló pẹ́ wa jù lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, a sì fẹ́ bínú síra wa níbẹ̀. Bàbá ní ìlà tòun ló tọ̀nà, ti èmi ni kò tọ̀nà, torí nóòtù wọn ló ní +, èmi ló gbé ìṣirò oṣù wá. Ká sòótọ́, wọ́n jàre. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé ₦45,000 jọ nǹkan tí mo ti rí: 20,000 pẹ̀lú 10,000 pẹ̀lú 15,000, owó oṣù kan àwọn mẹ́ta wọ̀nyẹn. Mo tẹ̀lé ìlà wọn láti oṣù dé oṣù. Ní oṣù kẹjọ, òpó J, nọ́mbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fara ti ògiri òsì àpótí wọn, nígbà tí gbogbo nọ́mbà yòókù fara ti ọ̀tún. Igun mẹ́ta aláwọ̀ ewé tíńtín wà lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kọ =ISNUMBER(J40), tó ń béèrè bóyá nọ́mbà ló wà nínú J40, sínú àpótí òfìfo kan, ó dáhùn FALSE, rárá.

Ọ̀rọ̀ ni Excel kà wọ́n sí, kì í ṣe nọ́mbà. Ẹnìkan ti sọ àpótí wọ̀nyẹn di Text kí wọ́n tó tẹ owó sí i. Ohun tó wá ń dá wa láàmú ni pé àmì + àti SUM kì í wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bákan náà. Bí + bá bá "20000" tó wọ aṣọ ọ̀rọ̀ pàdé, á bọ́ aṣọ náà lára rẹ̀, á sì rò ó mọ́ ìyókù. SUM kò ní bá a sọ̀rọ̀ rárá. Á fò ó, kò sì ní pariwo. Nítorí náà fọ́múlà gígùn tí Bàbá fọwọ́ kọ, tí èmi ti ń fojú di látàárọ̀, òun ló ń ka owó oṣù kẹjọ, SUM tí mo ń yangàn sí ni kò kà á. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọn ò fèsì, ṣùgbọ́n wọ́n fa àga wọn súnmọ́ mi.

Kéèyàn kàn lọ yí àpótí náà padà sí Number kò tó, ohun tó wà nínú rẹ̀ á ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀. Mo yan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tẹ àmì ìkìlọ̀ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo yan Convert to Number. Wọ́n ṣí lọ sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà. Ìsàlẹ̀ àti ọ̀tún pàdé: ₦4,740,000.

Ó ku ìbéèrè kan tó ń jẹ mí lẹ́nu. Kí ló dé tí ẹni tó gbọ́n tó báyìí fi ń tẹ àádọ́rin fọ́múlà lọ́dọọdún, nígbà tí wọ́n lè kọ ẹyọ kan kí wọ́n sì fà á sísàlẹ̀? Mo rò pé wọn ò mọ̀ ni. Wọ́n mọ̀. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ kan ló kọ́ wọn, wọ́n fa fọ́múlà èrè láti P5 lọ sí ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì di #DIV/0!, láti òkè dé ilẹ̀. "Mo ní ẹ̀rọ yìí kò ṣe é gbára lé. Mo padà sí nóòtù mi."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ni pé bí a bá fa fọ́múlà sísàlẹ̀ ní ìlà kan, gbogbo àpótí inú rẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìlà kan. O5 di O6, ohun tí a fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n O43 náà di O44, R2 di R3. Kò sí nǹkan kan nínú O44, ohun òfìfo kò sì ṣe é fi pín nǹkan. Àmì dọ́là ló yẹ kó wà níbẹ̀: =O5/$O$43*$R$2. Kò kan owó òyìnbó. Ó dà bí èèkàn tí a so ewúrẹ́ mọ́. Èyí tó bá ní in kò ní kúrò lójú kan bó ti wù kí a fà á tó. Bọ́tìnì F4 ló ń fi í síbẹ̀ bí a bá wà lórí O43 nínú fọ́múlà. Lórí kọ̀ǹpútà Bàbá, ó di kí a tẹ Fn mọ́ ọn.

Mo ní kí wọ́n fà á fúnra wọn. Ọwọ́ wọn gbọ̀n díẹ̀ lórí igun kékeré àpótí náà, ó já mọ́ wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n fà á dé 42, wọ́n sì tú ọwọ́. Gbogbo òpó kún lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ₦24,000, Aránṣọ ₦12,000, Ìyá Oníkajú ₦18,000. Bàbá gbé kalukulétọ̀, wọ́n ṣe mẹ́ta nínú wọn fúnra wọn kí wọ́n tó gbà.

A fi àpótí méjì sísàlẹ̀ fún ẹ̀rí: ọ̀kan ń yọ O43 kúrò nínú àròpọ̀ oṣù, èkejì ń yọ R2 kúrò nínú P43. Òdo ló gbọ́dọ̀ wà nínú méjèèjì. Mo sì bẹ̀ wọ́n pé bí ọmọ ẹgbẹ́ tuntun bá tún dé, kí wọ́n má fi ìlà rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Kí wọ́n la àárín àwọn tó ti wà níbẹ̀ sí méjì, kí wọ́n fi í síbẹ̀, SUM á fẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìpàdé ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e kò rọrùn tó bí mo ti rò. Inú àwọn mẹ́ta dùn, ṣùgbọ́n àwọn márùndínlógójì ti ná owó àkọ́kọ́ lọ́kàn. Ẹni tó fi ₦120,000 pamọ́ ti rí ₦13,543 lórí bébà. Ó di ₦12,000. Ọkùnrin kan ní ṣé kọ̀ǹpútà tó gbé e fún òun lọ́sẹ̀ tó kọjá kò mọ ohun tó ń ṣe ni. Bàbá Akápò dìde, wọ́n ní àwọn ni kò mọ ohun tí àwọn ń ṣe, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gbé nóòtù sókè, wọ́n fi báírò pupa inú rẹ̀ han gbogbo ilé. Ìyá Alága ní kí a kàn máa pín owó. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ní òun ṣì ń retí náírà márùn-ún òun, bébà tuntun, òun fẹ́ fi í há inú Bíbélì.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, fóònù mi dún láàárọ̀ kùtùkùtù. Bàbá ni. Wọ́n ń kọ ìwé tuntun, wọ́n fẹ́ kí n gbọ́ bóyá ó tọ́, wọ́n sì ń kà á sí mi létí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń pe ọ̀rọ̀ fún ọmọ kíláàsì: "Dọ́gba. O Ògbómọ̀ṣọ́, márùn-ún. Pín in sí. Dọ́là, O Ògbómọ̀ṣọ́, dọ́là, mẹ́tàlélógójì..."